Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ gbé kámẹ́rà bàbá mi jáde sí ìgboro Ìbàdàn

Àyìnkẹ́ Mọ́kọlá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Bàbá mi tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá fi kámẹ́rà Yashica-Mat 124G kan sílẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń gbé sí àyà tí á wá máa wo inú rẹ̀ láti òkè. Ìgbéyàwó àti ìkómọ ni wọ́n fi ń yà nígbà ayé wọn. Èmi ò fẹ́ ya ìgbéyàwó. Ìgboro ni mo fẹ́ yà: Bẹẹrẹ, Ọjà Ọba, Dùgbẹ̀, àwọn aláṣọ òkè ní Ọ̀jẹ́, bí kálukú ṣe ń bá ìṣe òòjọ́ rẹ̀ lọ, láìjẹ́ pé wọ́n ń múra fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ àwọn wo ni kí n máa wò? Kì í ṣe kí n lè fara wé wọn o, mo fẹ́ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa dojú kámẹ́rà kọ ẹni tí kò mọ̀ mí rí láìdá ìjà sílẹ̀? Fíìmù náà ńkọ́? Ó pẹ́ tí mo ti ń fi fóònù yà, àmọ́ mi ò lo fíìmù rí.

Akin Yábàá

Àyìnkẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kámẹ́rà yẹn gan-an ló jẹ́ kí orúkọ Akinbode Akinbiyi wá sí mi lọ́kàn, torí Rolleiflex, tí Yashica yín fi ṣe àwòkọ́ṣe, ni ọkùnrin náà ń gbé kiri. Oxford ni wọ́n bí i sí ní 1946, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó kàwé ní Ìbàdàn yín níbẹ̀, ó tún lọ sí Lancaster àti Heidelberg, ṣùgbọ́n fúnra rẹ̀ ló kọ́ fọ́tò yíyà ní àwọn ọdún 1970. Berlin ló ń gbé láti 1991, síbẹ̀ kò yéé padà sí Èkó.

Rírìn ni iṣẹ́ rẹ̀. A máa fẹsẹ̀ rin ìlú jẹ́jẹ́, láìsáré tọ ohunkóhun lẹ́yìn. Fíìmù 120 tí irú kámẹ́rà yìí ń lò, àwòrán 12 péré ló wà nínú ẹyọ kan, nítorí náà ẹ ó dúró, ẹ ó wò, ẹ ó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nǹkan kọjá lọ láìyà á. Ẹ wá àwọn tó yà ní Bar Beach l'Ékòó, tó pe àkọlé wọn ní Sea Never Dry. Etíkun kan ṣoṣo yẹn ló ń padà sí láti ọdún dé ọdún, níbi tí àwọn aláṣọ funfun ti máa ń gbàdúrà, tí wọ́n ń fi ẹṣin gbé ọmọdé, tí àwọn onífọ́tò tí kò ní sọ́ọ̀bù ń wá oníbàárà kiri. Lónìí, wọ́n ti kó iyanrìn dí òkun ibẹ̀, Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ sórí rẹ̀. Ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí documenta 14, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá kan, ní Athens àti Kassel ní 2017. Ní 2024, Berlin fún un ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ Hannah Höch. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà máa ka ọjọ́.

Ohun kan tún wà nípa irú kámẹ́rà yìí. Èyí tí wọ́n ń gbé sójú máa ń bo ojú ẹni tó ń yà. Tiyín ò bo ojú, ẹ ó tẹrí ba ni. Ní ọjà wa, ẹni tó tẹrí ba níwájú àgbà ti fi nǹkan kan hàn kó tó la ẹnu.

Ṣeun Sùúrùlérè

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Akin. Èmi á fi Logo Oluwamuyiwa kún un. Ní 2013 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó pè ní Monochrome Lagos, dúdú àti funfun nìkan. Èkó tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwọ̀ dáńfó, ó yọ àwọ̀ kúrò lára rẹ̀ pátápátá, ó wá ku òjìji, ìlà afárá, àti èèyàn. Ẹ máa wò ó díẹ̀díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì máa bi ara yín léèrè ibi tó dúró sí kó tó yà á.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, èrò tèmi ni pé kí ẹ yà kí ẹ tó kí wọn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tọrọ àyè, ohun tó wù yín yẹn ti lọ nìyẹn. Ìyá tó ń ka owó á tún gèlè rẹ̀ wé, á nà ró, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Fọ́tò tí bàbá yín ń yà nígbèéyàwó náà ni ẹ ó padà gbé wálé. Ẹ yà á, kí ẹ wá sún mọ́ wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́, ẹ má lò ó.

Ẹ má gbé kámẹ́rà jáde lágbègbè bárékè tàbí àgọ́ ọlọ́pàá, òfin ti wà fún ìyẹn. Ní gáréèjì, ẹ wá alága wọn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ìta mẹ́rin á dúró tì yín, kálukú á sì máa bèèrè owó tirẹ̀.

Bàbá Onífọ́tò, Òṣogbo

Àyìnkẹ́ ọmọ mi, mo kí ọ kú ọ̀fọ̀. Mo ti ṣíwọ́ iṣẹ́ sọ́ọ̀bù báyìí, àmọ́ irú kámẹ́rà bàbá rẹ ni mo fi jẹun, mo fi rán ọmọ nílé ìwé.

Ṣeun, mo gbọ́ ohun tí o wí, mi ò sì gbà. O ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ló wà, kéèyàn jí i yà tàbí kó tọrọ àyè kí wọ́n sì gan bí igi. Ọ̀nà kẹta ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ dáa. Àyìnkẹ́, gbé kámẹ́rà kọ́rùn lọ sí Ọ̀jẹ́, má sì ya nǹkan kan. Kí wọn, ra nǹkan kékeré lọ́wọ́ wọn, jókòó bí wọ́n bá fún ọ ní àpótí. Wọ́n á bi ọ́ pé kí lo gbé dání, sọ fún wọn pé kámẹ́rà bàbá rẹ ni, òótọ́ sáà ni. Padà wá lọ́jà tó tẹ̀ lé e. Tó bá máa di ìgbà tí wọ́n ń pè ọ́ lórúkọ, kò sẹ́ni tí á tún gèlè wé mọ́ nítorí rẹ. Wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ, ohun tó o ń wá gan-an nìyẹn, ìwọ ò sì jí nǹkan ẹnikẹ́ni.

Bí o bá ti yà wọ́n, tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí o mú un lọ fún wọn. Kì í ṣe kí o fi hàn wọ́n lórí fóònù. Ìyá tí o fún ní fọ́tò rẹ̀ á fi han ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì, èyíinì á sì pè ọ́. Mo tún fẹ́ kí o fi èyí sọ́kàn: ẹni tí kò lè sọ pé rárá, má yà á. Wèrè tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ò sí nítòsí, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Àwọn kan ń fi wọ́n gba ẹ̀bùn kiri, ó máa ń dùn mí dé ọkàn.

Ẹni tí mo fẹ́ kí o mọ ìtàn rẹ̀ ni J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Edo tí wọ́n bí ní 1930. Kámẹ́rà Brownie D tí kò ní fìlàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Nígbà tó fẹ́ ríṣẹ́, ó kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Ìbàdàn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi òun ṣe olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Wọn ò dá a lóhùn, ó tún kọ, ó ń kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbà á ní 1954. Lẹ́yìn náà ló lọ sí WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní 1968 ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn: onílé gogoro, abẹ̀bẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó ẹgbẹ̀rún. Ojú pópó, ọ́fíìsì àti òde àríyá ló ti ń rí wọn. Ẹni bá wo irun wọ̀nyẹn á rí ọwọ́ onídìrí, kò ní rí ojú ẹni tí wọ́n di irun fún, síbẹ̀ iyì ẹni náà pé. Ó kú ní 2014. Wá ìwé tí Bisi Silva kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sí. Obìnrin yìí náà ló dá CCA (Centre for Contemporary Art), ibùdó iṣẹ́ ọnà òde òní, sílẹ̀ l'Ékòó ní 2007, ilé ìkàwé wọn kún fún irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, má dúró de míta inú kámẹ́rà yẹn, èyí tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, bátìrì mẹ́kúrì tí wọ́n ṣe é fún kò sí lọ́jà mọ́. Bí fíìmù rẹ bá jẹ́ 400 (bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí nìyẹn), tí oòrùn sì ràn gbangba, gbé ihò lẹ́ǹsì sí f/16 (bí nọ́ńbà f bá ṣe tóbi tó ni ihò náà ń kéré tó), kí o sì gbé eré rẹ̀ sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, f/8. Lábẹ́ ìbòòji ìsọ̀, f/5.6. Bí ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú bá dúró síwájú ògiri funfun ní ọ̀sán gangan, ojú rẹ̀ ni kí o fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ògiri. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti láti nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni ìmọ́lẹ̀ ìlú wa máa ń dùn.

Mojí Peckham

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti da ọ̀rọ̀ yín kọ sínú ìwé fún ara mi.

Àǹtí Àyìnkẹ́, ẹ wo Charlie Phillips. Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí ní 1944, ó wá bá àwọn òbí rẹ̀ ní Notting Hill nílùú London ní 1956. Sójà Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan ló fún un ní kámẹ́rà Kodak Brownie. Ó ra ìwé, ó kọ́ ara rẹ̀, bí àwọn òbí rẹ̀ bá sì ti sùn, á wọ ilé ìwẹ̀ lọ fọ fọ́tò. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń yà, ìsìnkú wọn, ilé ọtí wọn, ilé tó ń jò. Fọ́tò rẹ̀ kan ti 1967, ọkùnrin dúdú àti obìnrin funfun tí wọ́n fara ti ara wọn, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n báyìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bìkítà. Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ni pé àdúgbò tirẹ̀ ló yà. Wọ́n ti lé ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn yẹn kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú owó ilé tó gbówó lórí.

Ẹ wo Vivian Maier náà, obìnrin tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ ní Chicago. Rolleiflex wà lọ́rùn rẹ̀ níbi gbogbo. Nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn àwòrán orí fíìmù, tó fi sílẹ̀ lé ní 100,000. Kò fi iṣẹ́ náà han aráyé. Ní 2007 ni wọ́n rí ẹrù rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbé e ta ní gbàǹjo, ó kú ní 2009. Mi ò fẹ́ kí tiyín rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ máa fi hàn wá.

Fíìmù: Ilford HP5 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fara da àṣìṣe. Ẹni tó bá ń ti ibí bọ̀ lè bá yín gbé e. Kí ó fi sínú báàgì ọwọ́, kí ó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú pé kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn ẹ̀rọ tuntun wọn ń ba fíìmù jẹ́. Kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù ńlá rárá.

Fẹ́mi Bàhíà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Salvador ní Bàhíà, ní Brazil, ni mo ti ń kọ̀wé. Kò sí bí a ṣe máa sọ̀rọ̀ Rolleiflex láàárín Yorùbá ká má dárúkọ Pierre Verger. Paris ni wọ́n bí i sí ní 1902, inú owó ló dàgbà sí. Ní 1932 ló gbé kámẹ́rà, ó fi ilé sílẹ̀, ó ń rin ayé kiri. Ní 1946 ó dé ibí, ó rí àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté, àwọn oníkapoéírà (ìjà tí wọ́n ń fi ijó ṣe), àwọn ìyálọ́jà, ó sì dúró. Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ tiwa, ó tẹ Ifá ní Kétu ti Dahomey (Benin òde òní) ní 1953, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúnbí. Nẹ́gẹ́tíìfù tó lé ní 60,000 ló wà ní ilé tó fi sílẹ̀ níbí nígbà tó kú ní 1996.

Ẹ wá fọ́tò Bàhíà rẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó yà ní Dahomey àti Nàìjíríà. Ohun tí bàbá Òṣogbo sọ nípa pípadà lọ hàn níbẹ̀: àwọn tí ó yà ò bẹ̀rù rẹ̀. Èmi ò gba gbogbo nǹkan tó yà, torí àwọn ètùtù kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ògbèrì kò yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ti ìgboro rẹ̀, ẹ wò ó ní àwòtúnwò.

Àyìnkẹ́ Mọ́kọlá

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ṣeun, má bínú, ọ̀nà bàbá ni màá kọ́kọ́ tọ̀, Ọ̀jẹ́ ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí mo ṣe lè mọ̀ bóyá kámẹ́rà náà ṣì dáa kí n tó ná owó sórí fíìmù. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú àpótí.

Bàbá Onífọ́tò, Òṣogbo

O káre. Ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí fíìmù nínú rẹ̀. Gbé eré rẹ̀ sí 1, yí ọwọ́ rẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́, kí o sì máa wo lẹ́ǹsì láti ẹ̀yìn. Ó yẹ kó ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì pa dé geere. Bí ó bá ń fà tàbí tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀rá ti gan mọ́ inú rẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló máa tú u fọ̀; má ro epo sí i. Má fọwọ́ kan ọ̀pá kékeré tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ kó tó yà fúnra rẹ̀, ó máa ń há. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì, wò ó bóyá ebu wà níbẹ̀, á rí bí òwú aláǹtakùn. Fi ìka kan tìmùtìmù dúdú etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ á máa wọlé, wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀.

Nínú dígí tí o ń wò láti òkè, apá ọ̀tún á di òsì, nítorí náà gbé e kiri nínú ilé fún ọjọ́ mélòó kan kí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n. Ní ọjà, gbé e sí f/11 (dín eré rẹ̀ kù bí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó), kí o fi ojú rẹ̀ sí mítà 4. Ohun tó bá wà láti nǹkan bíi mítà 3 sí mítà 6 á mọ́ kedere, o ò ní máa yí lẹ́ǹsì níwájú wọn. Tí o bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, kọ ohun tí o rí síbí, kí n lè mọ ẹni tí màá ní kí o gbé e lọ bá n'Ìbàdàn.