Gbèsè oko ẹrú ni, kì í ṣe owó gbà-máà-bínú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ béèrè orúkọ tí Yorùbá yóò máa pe owó tí àwọn ọmọ Áfíríkà, nílé àti ní Karibíà, ń béèrè lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú. Wọ́n dábàá "owó gbà-máà-bínú". Ẹlòmíì ní "owó ìtánràn" ló péye jù. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ méjèèjì, ti àkọ́kọ́ ló sì dùn mí jù.

Ó ṣojú mi ládùúgbò wa: ọlọ́kadà kan kọlu ìyá ẹlẹ́kọ, agbọ̀n ẹ̀kọ sì dojú dé sínú gọ́tà. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ sójú títì, ó na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí wọn: "Ẹ gbà, ẹ máà bínú, màmá." Ìyá gbà á, wọ́n dì í mọ́ etí ìró, wọ́n tún na ọwọ́. "Mo ti gbà, mi ò bínú mọ́. Owó ẹ̀kọ mi dà?" Kò sẹ́ni tó ní wọ́n ṣe àṣejù. Ńṣe la bẹ̀rẹ̀, tí a ń ka ẹ̀kọ inú gọ́tà lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ohun méjì nìyẹn. Gbà-máà-bínú wà fún inú tó ń bíni. Ẹni tó ṣẹni ló ń fúnra rẹ̀ mú iye tó bá wù ú wá, ẹni tó bá sì ti gbà á, ẹnu rẹ̀ dí. Owó ẹ̀kọ ní iye tirẹ̀.

Tí a bá tiẹ̀ wo ìtàn, àwọn tó ni ẹrú ló gba gbà-máà-bínú! Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bìrìtìkó ṣe lọ́dún 1833 láti fòpin sí oko ẹrú ya mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún wọn. Ìjọba yá owó láti fi san án, ọdún 2015 ni wọ́n tó san ìyókù gbèsè náà tán. Àwọn ọmọ ẹrú tó ṣí wá sí Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń san owó orí níbẹ̀, wà lára àwọn tó san án. Àwọn ẹrú fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀. Láti 1834 di 1838, wọ́n ṣì ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀ sin olówó wọn lọ́fẹ̀ẹ́, òfin sì pe èyí ní ìkọ́ṣẹ́. Kí ni wọ́n ń kọ́, ẹni tó ti ń gé ìrèké láti kékeré? Ìwọ̀fà ló sún mọ́ ọn lédè wa, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀fà pàápàá ti gba owó kó tó máa sìn.

Ti Haiti, orílẹ̀-èdè Karibíà tí àwọn ẹrú ti jà gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, le jù. Lọ́dún 1825, ọba Faransé kó ọkọ̀ ogun lọ bá wọn pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 150 fúránkì fún àwọn tó pàdánù oko àti ẹrú. Faransé dín in kù sí mílíọ̀nù 90 lẹ́yìn náà, àwọn ará Haiti sì fi ìran mélòó kan san owó yìí àti èyí tí wọ́n yá láti fi san án.

Ìtánràn ńkọ́? Kóòtù tàbí ọba ló ń gbà á, orúkọ rẹ̀ sì sọ pé ọ̀ràn ti tán.

"Gbèsè oko ẹrú" ni àbá tèmi. Ẹnì kan lè ní ẹni tó yá owó ló ń jẹ gbèsè. Ẹ bi tíṣà tí ìjọba jẹ lówó oṣù mẹ́fà bóyá ó yá ìjọba lówó. Owó iṣẹ́ ni. Tí wọ́n bá sì ní àwọn tó ṣe é ti kú, nílẹ̀ wa, bàbá tó fi gbèsè sílẹ̀, àwọn tó jogún ilé rẹ̀ ló ń san án. Mo mọ̀ pé àwọn ọba àti oníṣòwò tiwa náà jẹ nínú òwò yìí, ní Badagry àti ní Ouidah. Gbèsè gba ìyẹn mọ́ra, torí ó lè ní ju onígbèsè kan lọ. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí OAU, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1992, iṣẹ́ ológò, ẹni tó ń jókòó ti onígbèsè títí yóò fi san, ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí a fojú kéré orúkọ. Lọ́dún 2021, Jámánì gbà pé pípa tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa ìran Herero àti Nama ní Nàmíbíà láti 1904 sí 1908 jẹ́ ìpẹ̀yàrun, wọ́n ṣèlérí bílíọ̀nù 1.1 owó Yúrò fún ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti pè é ní gbèsè tó di dandan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kétu àti Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, kí lẹ̀ ń pe owó iṣẹ́ tí wọn ò san fún alágbàṣe títí ó fi kú?