Bàbá onílà tí Babajide Olatunji yà, àti ohun tí màmá mi rí lára ẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ní kí n dárúkọ ayàwòrán kan tí iṣẹ́ ẹ̀ ká mi lára, tèmi rèé o. Babajide Olatunji ni, ọmọ Òkìtìpupa, Botany ló kà ní Ifẹ̀, iṣẹ́ ọnà yìí fúnra ẹ̀ ló kọ́ ọ. Òun ló ń ya àwọn onílà ojú, àwọn àwòrán tí wọ́n ń pè ní Tribal Marks yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i lórí fóònù ẹ ò tíì rí nǹkan kan, ẹ lọ dúró níwájú ẹ̀.

Màmá mi wá kí wa ní London, mo bá mú wọn lọ sí Somerset House níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní 1-54, tí wọ́n máa ń ṣe lóṣù kẹwàá. A kàn ń rìn lọ ni wọ́n dúró. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà lára ògiri, àbàjà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀, irun àgbọ̀n ẹ̀ tó ti funfun ẹ lè kà á níkọ̀ọ̀kan, ẹyinjú ẹ̀ pọ́n díẹ̀, òógùn ń dán níwájú orí ẹ̀. Màmá mi ní "Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá yìí, ọmọ ilé ta ni wọ́n?"

Mo ní màámi, kì í ṣe fọ́tò o, èédú àti pastel, ìyẹn ẹfun aláwọ̀, ni wọ́n fi yà á sórí bébà, bàbá yẹn gan-an ò sì sí láyé. Torí Olatunji kì í mú ẹnì kan jókòó kó máa wò ó yà, ó máa ro ọjọ́ orí ẹni náà, ibi tó ti wá, irú ayé tó ti jẹ, á wá fún un lójú. Àwọn tó ń sọ pé tó bá ti jọ fọ́tò kí wọ́n kúkú ya fọ́tò, kámẹ́rà wo ló fẹ́ ya ẹni tí wọn ò bí?

Màmá mi sún mọ́ ọn dáadáa, pélé ni tiwọn. Wọ́n ní ẹni tó ya eléyìí mọ ilà, kò fà á lé ojú lásán, ojú ilà rì wọlé, etí ẹ̀ ga díẹ̀, ibẹ̀ ń dán ju awọ tó kù lọ, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ṣe rọ̀ sílẹ̀ ni ilà náà ń bá a rọ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn, wọ́n ní "Èédú náà ni olóòlà fi ra tèmi." Mi ò rí èsì fọ̀ rárá.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà ọdún 2003 ti ní kí wọ́n má kọ ilà fọ́mọ mọ́, mo sì fara mọ́ ọn, àmọ́ bàbá tó bí bàbá mi ní gọ̀ǹbọ́, fọ́tò wọn kan ṣoṣo tó kù ti ṣá, ilà yẹn ò hàn mọ́. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọkùnrin yìí fi ká mi lára tó báyìí.

Màmá mi ní kí n ya àwọn àti bàbá yẹn pọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn ẹ̀gbọ́n wọn lórí WhatsApp. Àǹtí kan ní bàbá kan n'Ísẹ́yìn ni, òun mọ ilé wọn, gbogbo àlàyé tá a ṣe wọn ò gbà.