Àtúndá ni, kì í ṣe àjíǹde

Ẹ̀yin ará,

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe kíka dátà tí a fi pamọ́ padà di ohun inú ètò kọ̀ǹpútà ní "àjíǹde". Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá jíǹde, òun gan-an ló dìde. Ti fáìlì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ètò báǹkì. Ìsọ̀rí (class, ìyẹn àpẹẹrẹ tí ètò fi ń dá ohun inú rẹ̀) kan wà tó ń jẹ́ Àkáǹtì, ìsọ̀rí abẹ́ (subclass) rẹ̀ sì jẹ́ méjì: ìfowópamọ́ àti kọ́rẹ́ǹtì. Ká ní ti ìfowópamọ́ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé. Orúkọ oníbàárà àti iye owó ló ń wọ fáìlì. Ọgbọ́n ìṣírò èlé kì í bá wọn lọ, inú ètò ló ń wà. Tí ètò bá kà á padà tó sì kàn dá Àkáǹtì lásán, owó á pé, ṣùgbọ́n èlé ò ní wọlé mọ́. Ó di dandan kí ètò kọ́kọ́ mọ irú tí yóò dá, kó tó kó dátà sínú rẹ̀. "Àtúndá" nìyẹn.

Àmì tó ń sọ irú yẹn ló jẹ mí lógún jù. Mo dábàá "àmì àmútọ̀runwá". Bí a bá gbọ́ Ìgè, a ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló mú wáyé. Bákan náà ni àmì yìí ń bá dátà jáde látinú fáìlì. JPA, ìlànà tí èdè kọ̀ǹpútà Java fi ń tọ́jú dátà, sábà máa ń fi í sínú òpó (column) tó ń jẹ́ DTYPE; Rails, irinṣẹ́ ìkọ ètò ti èdè Ruby, ń lo òpó tó ń jẹ́ type; pickle, irinṣẹ́ tí èdè Python fi ń kó dátà pamọ́, sì máa ń kọ orúkọ ìsọ̀rí sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tako èyí: wọ́n ní àmútọ̀runwá kì í yí padà, bẹ́ẹ̀ ọ̀daràn lè yí ohun inú fáìlì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìwé ìlànà Python pàápàá kìlọ̀ pé ká má fi pickle ka dátà tí a kò fọkàn tán, torí ó lè mú kí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ibi. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ètò ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, àmì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irú tó gbà láti dá. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, kó kọ̀ ọ́. "Àjíǹde" ń fi ìpinnu yìí pamọ́, bí ẹni pé dátà ló gbé ara rẹ̀ dìde.

Ní ti pípe subclass ní "ìsọ̀rí abẹ́", mo gbà á. Pípè é ní "ẹ̀ka" ni mi ò fẹ́, torí àkáǹtì ìfowópamọ́ kì í ṣe apá kan lára àkáǹtì. Odindi àkáǹtì ni.