Ọjà ọrún, Sọ́ńdè àti 28

Àwọn èèyàn máa ń sọ ohun tó jẹ́ kí ìṣirò yé wọn. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo lọ lo họlidé lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi, lábúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwó. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, ọjà ọrún ni wọ́n ń ná, wọn kì í sì í tajà ní Sọ́ńdè. Lọ́jọ́ kan, ọjà bọ́ sí Sọ́ńdè. Màmá ò lọ. Wọ́n ní kí n ṣírò ìgbà tí irú rẹ̀ máa tún ṣẹlẹ̀.

Mo rò pé ó rọrùn. Ọrún, àrún ni. Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀. 5 lọ́nà 7, 35. Màmá ní rárá, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Mo jiyàn. Wọ́n bi mí pé: "Ìjẹta, ọjọ́ mélòó ló ti kọjá?" Mo ní méjì. "Kí ló wá dé tá a fi ń pè é ní ìjẹta?"

Ìgbà yẹn ló yé mi pé a máa ń ka òní mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ọmọ tí wọ́n bí ní Mọ́ńdè lórúkọ ní Mọ́ńdè, tá a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Láti ọjà ọrún kan dé èkejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré nilẹ̀ ń mọ́. 4 lọ́nà 7, 28.

Ọdún pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní yunifásítì, olùkọ́ wa kọ àmì ìlà mẹ́ta, ≡, èyí tí Carl Friedrich Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, gbé jáde lọ́dún 1801. Olùkọ́ náà ní ká gbàgbé bí nọ́ńbà ṣe tóbi tó, ká wo àṣẹ́kù rẹ̀ nìkan tá a bá pín in; tí àṣẹ́kù nọ́ńbà méjì bá dọ́gba, a ó fi ≡ sáàárín wọn. Ọjà màmá ló sọ sí mi lọ́kàn. Tí ọjà bá bọ́ sí òní, ọjọ́ kejì ọjà ni ọ̀la. Ọjọ́ kejì ọjà náà ni ìjẹrin. Ìyẹn ni pé 1 (ọ̀la) àti −3 (ìjẹrin) ò yàtọ̀ síra tá a bá ń fi 4 pín. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù nọ́ńbà òdì ò bà mí mọ́.

Èyí tó gbà mí lóorun ni pé mo bi ara mi léèrè pé, tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ló wà nínú ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Mo yà á sínú ìwé. Ọjà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní á lọ sí ìkarùn-ún, á bọ́ sí ìkẹta, á sì padà sí ìkíní. Ọjọ́ kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà ò ní rí ọjà láé! Ìdí ni pé 2 pín 4 àti 6 gééré. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí 1, kò sí nọ́ńbà tó pín 4 àti 7 gééré, ìyẹn ni ọjà ọrún fi ń kan gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan, láàárín ọjọ́ 28.

Nígbà tí mo délé lọ́dún Àjíǹde, mo bi màmá léèrè nípa ọjà ìsán, tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ kẹsàn-án kẹsàn-án, pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ló máa ń tún bọ́ sí Sọ́ńdè. Kí n tó mú bírò jáde, wọ́n ti dá mi lóhùn: "Ìlọ́po méjì ti ọrún ni."