K àti J tún lé mi jáde nínú ìdíje póókà: kí ni kí n máa fi irú káàdì yìí ṣe tó bá jẹ́ èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

Ọmọ Ṣàgámù:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Póókà (eré káàdì) orí fóònù ni mo máa ń ta, ìdíje ni mo sì fẹ́ràn jù. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èèyàn 180 la bẹ̀rẹ̀, 27 ni wọ́n máa sanwó fún. Ó ku àwa 31. Ṣíìpù (owó eré) 46,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rí káàdì ni small blind, 1,000, àti big blind, 2,000; orúkọ yẹn náà la fi ń pe àga wọn. Àwa mẹ́sàn-án la wà nídìí tábìlì, àga tó tẹ̀ lé big blind gan-an ni mo wà, èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé kí n ta tàbí kí n jù ú. Wọ́n fún mi ní K dúdú àti J pupa. Mo ní irú káàdì aláwòrán méjì báyìí kì í ṣe ohun tèèyàn ń jù nù. Mo gbé 4,000 sílẹ̀. Gbogbo wọn jù ú, àfi ẹni tó wà ní bọ́tìnì, àga tó máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí káàdì sáàárín.

Flop, káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí gbogbo wa jọ ń lò, jáde: K, 8, 4. Inú mi dùn, mo ta 5,000, ó bá mi dé e, ìyẹn ni pé òun náà fi iye kan náà sílẹ̀. Turn, káàdì kẹrin, jẹ́ 6. Mo ta 12,000, ó tún bá mi dé e, kò tilẹ̀ rò ó. River, káàdì karùn-ún tó kẹ́yìn, jẹ́ 2. Ara mi ti ń sọ fún mi pé nǹkan ò dáa, mo tẹ check, mi ò ta nǹkan kan. Ó ti gbogbo tiẹ̀ síwájú. Ó ku 25,000 lọ́wọ́ mi. Mo tẹjú mọ́ fóònù títí aago fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Gàrí tí mo rẹ sínú kọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti mu omi ẹ̀ tán kí n tó rántí ẹ. Mo bá a dé e. K àti Q ló ṣí, Q ẹ̀ sì ju J mi lọ.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. KJ, QJ, A9, àwọn yìí ló máa ń lé mi jáde. Ṣé kí n máa jù wọ́n nù ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé river lo ti ṣìṣe. Èmi ò gbà. 4,000 àkọ́kọ́ yẹn ni. Ṣàgámù lo wà, o mọ ọjà obì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ iye, ṣé kì í ṣe òun ló tú àṣírí apò ara ẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ nìyẹn. Ní flop, ní turn, ní river, ọkùnrin yẹn ń gbọ́ tìẹ kó tó sọ tiẹ̀. Ká ní AA, A méjì tó ga jù lọ, ló wà lọ́wọ́ ẹ ni, ìyẹn ò ní dùn ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí K bá jáde nígbà tí KJ wà lọ́wọ́ ẹ, o ò ní lè jù ú, ọkàn ẹ ò sì ní balẹ̀. Ibẹ̀ lowó ti ń jò.

Ní àga yẹn, AK, AQ, àti méjì tó jọra láti 8-8 sókè ni mo máa ń ta. KJ tí àmì wọn ò jọra, mo máa ń jù ú, mi ò kí ń wẹ̀yìn.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣírò ẹ̀. Tí K àti J bá ti wà lọ́wọ́ yín, káàdì 50 ló kù, ọ̀nà 1,225 ni wọ́n sì lè gbà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ní méjì-méjì. Nínú ẹ̀, AA jẹ́ 6, KK 3, JJ 3, AK 12, AJ 12, KQ 12. Àpapọ̀ 48, gbogbo wọn ló ti ṣáájú yín kí flop tó jáde. Fún ẹnì kan ṣoṣo, nǹkan bí 4 nínú 100 ni. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́jọ ló kù lẹ́yìn yín, ó di nǹkan bí 27 nínú 100. Ká ní bọ́tìnì lẹ wà tí gbogbo àwọn tó ṣáájú ti jù ú, ẹni méjì ló máa kù, ìyẹn ò ju nǹkan bí 8 lọ. Káàdì kan náà o, àga ló yàtọ̀. Tí KJ bá sì pàdé KQ, kì í borí ju nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin lọ.

Àǹtí Ìpẹru:
Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ẹ má lọ máa jù ú níbi gbogbo. Tó bá jẹ́ big blind lẹ wà, tí ẹni bọ́tìnì gbé 4,000 sílẹ̀, tí small blind jù ú, 7,000 ló ti wà láàárín, 2,000 lẹ máa fi kún un. Tí ẹ bá ti lè borí ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́sàn-án, ẹ ò pàdánù. KJ tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ bá a dé e. Tí K bá wá jáde, ẹ má sọ owó àárín di ńlá fúnra yín. Ẹ tẹ check, kí òun náà sọ tiẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yín ni pé ẹni mẹ́rin péré ló kù kówó dé. Ṣíìpù tí ẹ bá pàdánù nírú ìgbà yẹn ṣe pàtàkì ju èyí tí ẹ máa jèrè lọ, torí tí ṣíìpù yín bá di ìlọ́po méjì, owó ẹ̀bùn yín ò ní di ìlọ́po méjì.

Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Àbúrò, má bínú sí mi, mo ní láti béèrè. Ṣé kì í ṣe owó ilé lo fi ń wọ àwọn ìdíje yìí?

Ọmọ Ṣàgámù:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù ni, tó bá ti tán, ó tán nìyẹn.

Mo padà lọ wo àkọsílẹ̀ ìdíje 40 tí mo ta kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni irú káàdì yìí lé mi jáde, mẹ́sàn-án nínú ẹ̀, èmi ni mò ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ àná wọ́n fún mi ní A àti 9 ní àga kan náà. Ọwọ́ ń yún mi, àmọ́ mo jù ú. Ẹni méjì lẹ́yìn mi ti gbogbo tiwọn síwájú. AK ló wà lọ́wọ́ ọ̀kan, QQ lọ́wọ́ èkejì.

Ìbéèrè kan ló kù. Tó bá jẹ́ small blind ni mo wà, tí gbogbo èèyàn ti jù ú, tó ku èmi àti big blind nìkan, ṣé kí n ṣì jù KJ?

Àǹtí Ìpẹru:
Rárá o. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, 4 nínú 100 tí ọmọ Àgọ́ ṣírò yẹn ni. Ẹ ta á. Àmọ́ tó bá bá yín dé e, ẹ̀yin lẹ ṣì máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti flop dé river, torí náà ẹ má jẹ́ kí owó àárín yára pọ̀ jù.