Ta ló ti rí i kí ọmọ iléèwé fi bisikíìtì sílẹ̀ jẹ oúnjẹ gidi láàárọ̀? Ẹ sọ ìrírí yín

Tíṣà Ìbàdàn:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Oúnjẹ tí ìjọba àpapọ̀ gbé dé lọ́dún 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta ló wà fún, kò kan tèmi. Tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́wàá, àwọn ọmọ á ti máa sùn lórí tábìlì. Ebi kì í kúkú wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

A wàásù títí láàárọ̀ lórí ìlà, pàbó ló já sí. Ọmọ mọ̀ pé ẹ̀wà dáa, ìyá rẹ̀ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ti jáde lọ sọ́jà kílẹ̀ tó mọ́, owó péréte ló fi sílẹ̀, bisikíìtì ló sì wà lẹ́nu géètì.

La bá ní ká ṣe bí oníṣòwò. Ṣé ẹni tó ń ta bisikíìtì ń wàásù fún ọmọ ni? Orin ló ń kọ, ó sì ń gbé ọjà sún mọ́ ọn. A bẹ ìyá alákàrà kan kó gbé agbada rẹ̀ wá sẹ́nu géètì, kó máa din àkàrà wẹ́wẹ́ tí owó rẹ̀ kò ní ju ti bisikíìtì lọ, kó sì máa bu ògì gbígbóná sí ife. Àwọn ọmọ ló fúnra wọn dá orin rẹ̀ (kò dùn púpọ̀, àmọ́ wọ́n ń kọ ọ́ délé). Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ọmọ kíláàsì kẹfà kan tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Bó ṣe ń tò nídìí àkàrà báyìí, gbogbo wọn ya tẹ̀lé e. Àwòrán tá a lẹ̀ mọ́ ògiri ò ṣe ìdajì iṣẹ́ tí ọmọ yẹn ṣe.

Ìyá Ìbejì:
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa náà ṣe irú ẹ̀ ládùúgbò wa. Nígbà tí ẹ̀wà gbówó lórí, àkàrà ò tó ẹnu jẹ mọ́, làwọn ọmọ bá padà sídìí bisikíìtì.

Tíṣà Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun mà. Ẹ̀wà yẹn gan-an ni wàhálà. Ẹgbẹ́ òbí ló ń bá wa ra àpò ẹ̀wà, iye tí wọ́n rà á náà ni wọ́n ń tà á fún màmá.

Bàbá Lékan:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé màmá yẹn kì í da ṣúgà sógì jù? Kòkòrò ti ń jẹ eyín ọmọ mi.

Tíṣà Ìbàdàn:
Díẹ̀ ni, sà. Ẹ̀pà lílọ̀ ló ń pọ̀ jù nínú ẹ̀.