Òkè ayọnáyèéfín wa dú bí omi aró, kí ló fà á?

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ ọdún méje làwọn ìbejì mi. Látìgbà tí wọ́n ti rí àwòrán òkè ayọnáyèéfín nínú ìwé wọn, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Nígbà tí a gba Madalla kọjá lọ sí Kàdúná, Táíwò na ìka sí Àpáta Zuma, ó ní, "Mọ́mì, ìgbà wo ni èyí máa bú?" Mo wá ṣèlérí pé a ó ṣe tiwa nílé.

Ní Sátidé, a po ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé, a mọ ọ́n yí ìgò rọ́bà 50cl ká títí ó fi ku ẹnu ìgò nìkan. Mo bu ṣíbí baking soda mẹ́ta sí i. Mi ò ní àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, mo wá mú zobo inú fíríìjì, èyí tí mi ò tíì fi ṣúgà sí. Bí mo ṣe dà á lé sódà lórí, ó hó díẹ̀, ló bá dú bí omi aró! Nígbà tí a da fínígà sí i, apá kan pupa, apá kejì rí bí eérú. Kẹ́hìndé bú sẹ́kún, ó ní iná kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń ka ọjọ́. Ṣé zobo ló ti bàjẹ́ ni, àbí sódà mi ni kò dáa?

Tísà Jọ́ọ̀sì

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Òdòdó ìṣápá tí a fi ń ṣe zobo ló ní àwọ̀ tó máa ń yí padà. Bó bá wà nínú ohun kíkan, pupa ni. Bó bá bọ́ sínú sódà, káún tàbí omi eérú, á di búlúù, á sì máa lọ sí àwọ̀ ewé. Inú fínígà ni kí ẹ da zobo sí. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ po sódà, ẹ kán ọṣẹ olómi sí i kí ìfófòó rẹ̀ lè pẹ́, kí ẹ wá da fínígà pupa yẹn sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fínígà bá borí sódà, pupa ló máa jáde.

Èyí tó dú yẹn, ẹ tún un ṣe nínú gíláàsì. Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó rí bí pupa ṣe ń padà bọ̀. Lójú tèmi, ìyẹn níye lórí ju òkè náà lọ.

Ẹ bá mi sọ fún Táíwò pé Zuma kò lè bú. Abẹ́ ilẹ̀ ni àpáta yíyọ́ ti tutù, tó dì di Zuma. Òjò àti ọgbàrá ọdún gbọọrọ ló wá ṣí ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn tó bú rí wà lọ́dọ̀ wa níbí, lápá Panyam àti Kerang, ṣùgbọ́n wọ́n ti kú tipẹ́. Òkè Kamẹrúùnù ló ṣì ń bú: ó bú lọ́dún 1999, 2000 àti 2012. Kò sí fínígà níbẹ̀ o. Gáàsì tó há sínú àpáta yíyọ́ ló ń tì í jáde, bíi ti ìgò mínírà tí a mì jìgìjìgì kí a tó ṣí i.

Màmá Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Ìyá Ìbejì, ẹ wo ara páálí yẹn dáadáa, kó má lọ jẹ́ baking powder. Ìyẹn kì í hó tó bẹ́ẹ̀.

Káún lèmi fi ṣe é fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Mo gún un kúnná, a fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà sí i, ó hó wìì. Eruku káún máa ń ta ojú, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ìgò náà lórí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọmọ àbúrò mi dé e kó lè fò sókè, ìgò bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọlọ́run ló kó ojú rẹ̀ yọ. Kọ́ọ̀bù ẹlẹ́nu gbàgàdà ni mò ń lò látìgbà náà.

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ẹ ṣé, Màmá. Baking soda ni, mo ti wò ó. Ìrọ̀lẹ́ òní la tún un ṣe, pupa ló tú jáde, ó ṣàn dé ẹsẹ̀ Táíwò. Kẹ́hìndé tó sunkún lọ́jọ́sí kò tiẹ̀ wo òkè mọ́. Ó to ife mẹ́rin sílẹ̀, ó ń da zobo sí omi eérú, sí ọṣẹ dúdú, ó ń fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ kun ohun tó rí sínú ìwé. Ó ti ń béèrè káún báyìí. Mo ní ó di ọ̀la, èmi ni màá gún un.